Caprica: ṣé ẹni tí kò wo Galactica rí lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Òǹwòran Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Tí eré kan bá ti lókìkí, tí wọ́n wá ṣe òmíràn tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, èwo lẹ máa kọ́kọ́ fi han ẹni tí kò wo ìkankan rí?

Eré tó fà á ni Caprica. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Battlestar Galactica tí Ronald D. Moore gbé jáde láti 2003 sí 2009 sọ bí àwọn róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cylon ṣe pa ayé méjèèjìlá tí ọmọ ènìyàn ń gbé run, tí àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù sì ń sá kiri lójú òfuurufú pẹ̀lú ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan. Caprica, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ayé yẹn pè, padà sí ọdún 58 ṣáájú ìparun yẹn, ó sọ bí Cylon àkọ́kọ́ ṣe dáyé. Wọ́n kọ́kọ́ ta abala àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí DVD ní oṣù kẹrin 2009, oṣù kan lẹ́yìn tí Galactica parí, kó tó dé orí tẹlifíṣàn Syfy ní oṣù kìíní 2010.

Ìtàn abala náà rèé ní ṣókí. Daniel Graystone jẹ́ olówó tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti róbọ́ọ̀tì. Zoe, ọmọbìnrin rẹ̀, sá kúrò nílé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, bọ́ǹbù tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ dì mọ́ra sì bú gbàmù níbẹ̀. Joseph Adams, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ Tauron, ayé mìíràn nínú méjèèjìlá yẹn, pàdánù ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ Tamara nínú ọkọ̀ kan náà. Àmọ́ kí Zoe tó kú, ó ti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú ayé kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ̀ rí ẹ̀dà yẹn, ó ní òun máa gbé e wọ ara irin.

Àwọn tó wá sílé mi wo eré náà pín sí méjì. Àwọn kan ti wo Galactica tán, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí. Àwọn tó kù, Cylon ò jẹ́ nǹkan kan létí wọn. Mo ń wo ojú wọn bí mo ṣe ń wo eré. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kàn ń ṣọ́ róbọ́ọ̀tì ni. Bí irin bá ti yọ lójú àwòrán, wọ́n á na ọrùn. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ń wo bàbá àti ọmọ. Nígbà tí Joseph wọ ayé kọ̀ǹpútà lọ rí ẹ̀dà Tamara, tí ọmọ yẹn figbe ta nínú òkùnkùn pé òun ò gbọ́ kí ọkàn òun máa lù, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹni tó bá ti di ọwọ́ aláìsàn mú títí ó fi dákẹ́ mọ ohun tí ọmọ yẹn ń wá ní àyà rẹ̀ tí kò rí.

Níbẹ̀ ni èrò mi ti dúró sójú kan: àwọn tí kò wo Galactica ló rí abala yìí dáadáa jù. Ọ̀fọ̀ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Bàbá kan kọ̀ láti gbà pé ọmọ òun ti lọ, ohun tó fi kọ̀ yẹn ló wá di ìparun ayé. Ẹni tó bá ti mọ ìparun náà ṣáájú á máa wo ìparun, kò ní wo bàbá. Kí lẹ rí sí i?

Akéwì Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ rántí ìgbà tí róbọ́ọ̀tì yẹn dán agbára rẹ̀ wò níwájú àwọn tó fẹ́ rà á, tó yìnbọn tán, tó wá dá Daniel lóhùn pé bí ó bá ti pa á láṣẹ ni. Láti 1978, nínú Galactica àtijọ́ tí Glen A. Larson ṣe, ni gbólóhùn yẹn ti wà lẹ́nu àwọn Cylon. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ. Kí ni ẹni tí kò mọ̀ máa gbọ́? Ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, ó parí.

Ti orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Joseph sọ fún Willie ọmọ rẹ̀ kékeré pé Adams kọ́ ni orúkọ ìdílé àwọn, Adama ni. Nílé tiwa, gbogbo ẹni tó mọ Ọ̀gágun William Adama, olórí ọkọ̀ ogun inú Galactica, èyí tí Edward James Olmos ṣe, ló figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fẹ́ gba ayọ̀ yẹn lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín?

Lọ́yà Kékeré

Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kan wá tí ẹ̀yin méjèèjì fò kọjá. Òǹwòran ní ọ̀fọ̀ ló bí Cylon. Kí Zoe tó wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn rárá, bàbá rẹ̀ ti gba iṣẹ́ ìjọba. Iléeṣẹ́ ààbò ló ń bá ṣe róbọ́ọ̀tì ológun, iṣẹ́ náà ò sì bọ́ sí i, àwọn róbọ́ọ̀tì yẹn ò gbọ́n tó. Ọpọlọ tó nílò, ọ̀gá iléeṣẹ́ mìíràn ní Tauron, Tomas Vergis, ló ni ín. Kí ló ṣe? Ó ní kí Joseph lo àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn Ha'la'tha tí Sam, àbúrò rẹ̀, wà nínú wọn, kí wọ́n jí i wá. Ó sì fi Tamara ṣe owó ọjà: bá mi jí i, màá fún ọ ní ọmọ rẹ padà.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó mú ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn, ó fi na ọjà. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́ ọmọ nìkan. Owó àti ipò wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òǹwòran Bódìjà

@Lọ́yà Kékeré, ẹ ṣé, òótọ́ lẹ sọ nípa iṣẹ́ ìjọba náà. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé e díẹ̀ sí i. Wọ́n jí ọpọlọ náà dé, wọ́n fi í sínú irin. Ìgbà tí Daniel gbé Zoe sí i ni irin náà tó dìde gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà láàyè. Daniel fúnra rẹ̀ rò pé ẹ̀dà ọmọ òun ti run níbi tó ti ń gbé e wọlé, ó ti ń sunkún ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò mọ̀ pé ọmọ náà wà níwájú òun nínú irin. Owó ló kọ́ ilé, ọmọ ló wọ inú rẹ̀ gbé. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ìjọba ì bá san owó ìlọ́po mẹ́wàá, kò ní dìde.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò kì í sábà wo eré róbọ́ọ̀tì, àwọn ọmọ mi ló fi èyí hàn mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Daniel àti Joseph.

Ní ilẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sin ín, inú ilé ni wọ́n máa ń fi ìyá àti bàbá sí, àwọn àgbà á yí wọn ká, wọ́n á máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí àwọn tó lọ á fi dé. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé mo rò pé ìkà ni. Lẹ́yìn tí mo ti jókòó ti ìyá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, mo mọ̀ pé nítorí kí ó má baà dá ọ̀rọ̀ náà gbé ni. Àwọn ènìyàn ló ń gbé e.

Ta ló jókòó ti Daniel? Ẹ wò ó dáadáa. Ilé ńlá tó kọjú sí omi, gbogbo rẹ̀ gíláàsì, kò sí àgbà kan níbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Amanda, ń ṣọ̀fọ̀ nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Joseph ní ìyá ìyàwó rẹ̀ nílé, ó ní Sam, ó ní àwọn ará Tauron tó mọ bí wọ́n ṣe ń sin òkú. Ìdí rèé tí Joseph fi lè kúrò nínú ayé kọ̀ǹpútà yẹn tó sọ pé kì í ṣe ọmọ òun nìyí. Daniel ò lè kúrò níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é níta.

Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ. Zoe ò kú, kò nù, kò sì wà láàyè. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí a lè sọ fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí i.

Lọ́yà Kékeré

Ẹ ṣeun, mà. Mo máa tún un wò nítorí ohun tí ẹ sọ nípa ilé yẹn.

Akéwì Ìjẹ̀bú

Mà, ọ̀rọ̀ yín mú mi ronú sí àkúdàáyà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: ẹni tó kú láìtọ́jọ́ á lọ fara hàn ní ìlú mìíràn, á fẹ́ ìyàwó, á máa ṣòwò, lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé àkọ́kọ́ bá sì yọjú, á pòórá. Ìpàdé pẹ̀lú ojúlùmọ̀ ló máa ń lé e lọ.

Zoe yàtọ̀. Ìgbà tí Lacy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, padà dé ibi tí ó wà nínú ayé kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú, ó bá ẹ̀dà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀dà náà mọ ikú ọmọ tó ṣe é lára. Ojúlùmọ̀ ni Zoe wá ń wá kiri láti ìgbà yẹn. Òpin abala náà sì ni pé róbọ́ọ̀tì gíga bí ògiri gbé fóònù, ó pe Lacy, ó ní òun ni o. Kò sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ìrètí rẹ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì tún dùn mí.

Ọmọ Èkó ní Peckham

Ọ̀rọ̀ orúkọ Adama yẹn, ẹ má fi ṣe kékeré. Àwa tó ń tọ́mọ níbí, a mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú Olúwádámiláre, ó padà dé pẹ̀lú "Dami", nígbà tó yá ó ní kí n má pe odindi rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun mọ́. Joseph ti fi Adams bo ara rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á sí ilé ẹjọ́ àwọn ará Caprica, ibi tí wọ́n ti ń bú àwọn ará Tauron pé ajẹ̀rùpẹ̀ ni wọ́n. Ó ní láti pàdánù ìyàwó àti ọmọ kó tó lè sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ọmọ tó kù.

Mi ò nílò Galactica kí ìyẹn tó wọ̀ mí lára. Nítorí náà ti Òǹwòran ni mo bá lọ.

Ọmọ Awo Òṣogbo

Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹ̀sìn. Ní ayé méjèèjìlá yẹn, òrìṣà púpọ̀ ni gbogbo ìlú ń bọ, Zeus, Athena, Hera àti àwọn tó kù. Àwọn tó gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹgbẹ́ Soldiers of the One, Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n ń sìn. Ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí, Jordan Duram, lọ bá Sister Clarice, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Zoe. Ó bi í bóyá kò kọ òun náà lóminú pé kí ẹnìkan ṣoṣo máa pinnu rere àti búburú, tí a kò sì lè bi í léèrè, tí wọ́n sì lè ṣe ohun tó burú jù lórúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ náà ni obìnrin tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn eré òkèèrè ti ń fi abọ̀rìṣà ṣe aláìmọ̀kan tàbí ẹni ibi. Nínú èyí, àwọn ni ìlú, àwọn ni ilé ẹjọ́, àwọn ni ọlọ́pàá. Mo dá eré dúró, mo dúró díẹ̀ kí n tó jẹ́ kó máa lọ.

Ọmọ Ìlọrin

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n, mùsùlùmí ni mí, inú mi ò sì bí sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe déédéé. Eré yẹn ò sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló burú. Zoe fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, torí ohun tó rí nínú ayé kọ̀ǹpútà yẹn ló ṣe gbà á gbọ́: àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pa ènìyàn ṣeré, tí wọ́n ń fi ènìyàn rúbọ nínú ilé ijó, tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó tì o. Ó ń wá ẹni tó máa sọ pé ó tì. Àwọn àgbà tó rí i pé ó ń wá a ni wọ́n fi bọ́ǹbù lé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn nìyẹn lójú mi, ó sì wúwo.

Nínú ẹbí wa, mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe ló ń jókòó jẹun pọ̀. Mo ronú pé ìdí rèé tí a fi lè wo abala yìí ká má bá ara wa jà.

Ọmọ Awo Òṣogbo

Ẹ ṣeun, àbúrò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nípa Zoe.

Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀dà Zoe sọ fún bàbá rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ṣe òun. Ó ní gbogbo ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ káàkiri ni: ìwé ilé ìwòsàn, èsì ìdánwò, àwòrán kámẹ́rà, ìpè fóònù, rìsíìtì ilé oúnjẹ, orin tó ń gbọ́, tíkẹ́ẹ̀tì sinimá. Zoe kó wọn jọ, ó kọ ètò tó so wọ́n pọ̀. Ní 2009 ni wọ́n kọ èyí! Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ ti wà tó ń gba ọ̀rọ̀ tí olóògbé kọ sórí fóònù rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rọ tó ń bá àwọn aráalé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè Joseph, bóyá ẹ̀dà ọmọ lè jẹ́ ọmọ náà, ti di ìbéèrè wa.

Èrò tèmi: rìsíìtì mọ ibi tí mo ti jẹun, kò mọ ìdí tí mo fi jẹ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀dà náà máa jọ mí, kò ní jẹ́ èmi. Ṣùgbọ́n tí ó bá ń sunkún, tó ń bẹ̀ mí pé kí n má pa òun ńkọ́? Mi ò ní lè pa á, ẹ̀yin náà ò ní lè pa á.

Ọmọ Àyàn

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ orin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bear McCreary ló ṣe orin eré méjèèjì. Ti Galactica, ìlù ló kún ibẹ̀, taiko àwọn ará Japan, ìlù tó ń bá àyà sọ̀rọ̀, torí ogun ni wọ́n wà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nínú Caprica, ó gbé ìlù sílẹ̀, gòjé àti dùùrù ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí orin ilé olówó tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá wá láti Galactica á kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan kan. Wọn ò gbàgbé. Ogun ò tíì dé ni, aṣọ àti fìlà àwọn ọkùnrin náà sì jọ ti ayé àwọn bàbá ńlá ẹni. Àwa onílù mọ̀ pé ibi tí a kò lù sí náà wà nínú iṣẹ́.

Akéwì Ìjẹ̀bú

Ọmọ Àyàn, tèmi lẹ sọ yẹn! Ẹni tí kò gbọ́ taiko Galactica rí, kò lè mọ̀ pé ìlù ti dákẹ́.

Ọmọ Èkó ní Peckham

Tàbí kó gbọ́ gòjé náà bó ṣe wà.

Aláròsọ

ẸNI TÍ KÒ TÍÌ WO CAPRICA DÉ ÒPIN, KÓ FO Ọ̀RỌ̀ MI YÌÍ O.

Akéwì ní ẹni tó mọ Galactica ló máa jàǹfààní orúkọ Adama. Àwọn tó kọ eré náà ti ronú kan irú wa. Gbogbo wa jókòó láti abala àkọ́kọ́, ọkàn wa balẹ̀ lórí Willie, torí a gbà pé òun ló máa di Ọ̀gágun Adama, kò sí ohun tó lè pa á. Nígbà tí eré ń sún mọ́ òpin, wọ́n yìnbọn pa á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ Joseph bí ọmọkùnrin mìíràn, ó sì fi orúkọ ẹni tó lọ sọ ọ́. Ọmọ kejì yẹn ni Ọ̀gágun William Adama.

Nítorí náà ẹni tó ti wo Galactica ni wọ́n gbá mú jù, ẹni tí kò wò ó ti ń bẹ̀rù fún Willie láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bínú sí i, wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ìdílé tí ikú ti wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn sọ fún mi nípa Joseph ju gbogbo ohun tí Galactica sọ nípa rẹ̀ lọ.

Lọ́yà Kékeré

Tí a bá ń sọ ti kí èèyàn mọ òpin, ẹ wo Andor ti 2022, eré Star Wars tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú fíìmù Rogue One. Gbogbo ẹni tó wo Rogue One mọ̀ pé Cassian, akọni rẹ̀, máa kú, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wo bí ó ṣe di ẹni tó lè kú bẹ́ẹ̀, kò sú wọn. Òpin tí a mọ̀ kì í ba eré jẹ́ tí ọ̀nà bá dùn. Ohun tó pa Caprica ni pé àwọn tó ń wò ó ò pọ̀ tó. Syfy fagi lé e ní oṣù kẹwàá 2010, wọ́n sì fi abala márùn-ún tó kù hàn ní Amẹ́ríkà nínú oṣù kìíní 2011. Abala 18 péré lápapọ̀. Àwọn tó fẹ́ ogun lọ́wọ́ rẹ̀ bínú lọ, àwọn tí ì bá fẹ́ ìtàn ìdílé kò sì gbọ́ pé ó wà torí orúkọ Galactica wà lára rẹ̀. Ní 2012 wọ́n ṣe Blood & Chrome, ogun Cylon àkọ́kọ́ pẹ̀lú Adama nígbà èwe rẹ̀, ìyẹn náà ò kọjá fíìmù kan.

Òǹwòran Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni mo ti kà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, nọ́ọ̀sì wa ní kí n kí yín, mà. Mo ṣì dúró lórí tèmi: ẹni tó bá wá sílé mi, tí kò mọ nǹkan kan, abala àkọ́kọ́ Caprica ni màá fi pàdé rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wo Galactica látòkè délẹ̀, ká tó padà wá parí Caprica.

Akéwì Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Tèmi ò yí padà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ Galactica láti abala kìíní tó jáde ní 2004. Fíìmù alápá méjì ti oṣù kejìlá 2003 ló ṣáájú, inú rẹ̀ ni ìparun náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó, tí wọ́n á wá máa béèrè ẹni tó ń lé àwọn ènìyàn yẹn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó tán, àwọn ọmọ mi fẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá wò ó. Ṣé ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá?

Oníkọ̀ǹpútà

Mà, ẹ má lo ti DVD. Ìhòòhò wà nínú rẹ̀, níbi ilé ijó ayé kọ̀ǹpútà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an. Wọ́n ti gé e kúrò nínú èyí tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣàn, ìyẹn ni kí ẹ wá. Ìpànìyàn inú ilé ijó náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n tí ẹ bá ráyè.